Ẹ̀wà Tí Mo Sè fún Ìbejì Ẹyẹ Idì

Ọjọ́ Sátidé kan wà nínú oṣù kẹfà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, kódà bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ náà ni ọkọ̀ panápaná méjì wá dúró sí ìsàlẹ̀ ilé wa ní Peckham, tí gbogbo ará ilé sì tò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, tọmọtọmọ, tajátajá, àwọn mìíràn pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́sàn-án gangan, nítorí ọmọ ẹyẹ méjì tí wọn ò dé London rí láyé wọn. Èmi ni mo fà á. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ẹ̀ báyìí, orí mi ló kọ́kọ́ máa ń wú kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.

Orúkọ mi ò ṣòro í mọ̀: ẹni tó bá ti gbọ́ pé Táyé ni wọ́n bí ṣáájú mi ti mọ̀ ọ́n. Láti kékeré wa ni Táyé ti ń ga jù mí, tó ń sanra jù mí, tó ń gba ipò kìíní nígbà tí èmi ń gba ipò tí wọn kì í kà. Òun ni nọ́ọ̀sì àgbà, òun ni díákónẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òun ló nílé tó ní ọgbà òdòdó lẹ́yìn ní Sydenham. Èmi ń ṣiṣẹ́ nínú kíṣìnì ilé ìwé kan, mò ń gbé nínú ilé council, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà, ní àjà kẹrin. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi jù ú lọ, kò gbà fún mi títí a fi di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta: èmi ni ẹ̀gbọ́n. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé níṣẹ́ kó lọ tọ́ ayé wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ohun tí Táyé máa ń wí ni, “Twenty minutes ni mo fi jù ẹ́ lọ. Ó wà lórí paper.”

Nínú oṣù kejì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lórúnkún, wọ́n ní kí n jókòó sílé. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ bu oúnjẹ fún odidi ilé ìwé, tí ẹ wá sọ fún un pé kó jókòó kó máa wo ògiri! Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ní Manchester gbọ́ bí mo ṣe ń kígbe lórí fóònù, ó ní, “Mummy, calm down. Mo fẹ́ send nǹkan sí yín.” Ohun tó fi ránṣẹ́ ni líǹkì kámẹ́rà kan tí wọ́n gbé sí orí igi gíga kan ní Amẹ́ríkà, tó ń fi ìtẹ́ ẹyẹ idì hàn tọ̀sán-tòru. Idì olórí funfun ni wọ́n, takọtabo, wọ́n sì ti yé ẹyin méjì. Mo ní kí ni kí n máa fi ẹyẹ ẹlẹ́yẹ ṣe. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mo ti ń gbé fóònù náà dání wọ ilé ìwẹ̀.

Bàbá wọn ló kọ́kọ́ mú mi lọ́kàn. Yìnyín á máa bọ́ lé e lórí, kò ní mira. Bí ìyá bá fẹ́ fò lọ wá ẹja, bàbá á rọra bọ́ sínú ìtẹ́, á ká èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú kó má baà gún ẹyin, á wá jókòó lé wọn pẹ̀sẹ̀. Ọkọ mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sàba lé ohunkóhun rí àfi àga iwájú tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí ọmọ àkọ́kọ́ jáde nínú ẹyin, mo sunkún. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, èkejì náà jáde, ó kéré, ó tutù, irun funfun ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Mo sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ìbejì kì í fi ọjọ́ méjì jìnnà síra, kó wá bá mi jà ní Peckham.

Àfi bí Táyé inú ìtẹ́ yìí ṣe la ojú tán tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgógó ẹnu gún un lágbárí. Kò jẹ́ kó sinmi. Bí ẹja bá dé, Táyé á na ọrùn síwájú, á gbé gbogbo ẹ̀ mì, Kẹ́hìndé á dojú bolẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Àwọn tó ń wò ó káàkiri ayé máa ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán náà, wọ́n ní báyìí ni ti idì ṣe máa ń rí, wọ́n ní èyí kékeré ò ní rí òpin ọ̀sẹ̀. Èmi tí mi ò bá àjèjì sọ̀rọ̀ lórí fóònù rí, mo wọ awò ojú mi, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé KEHINDE WILL NOT DIE. HE IS THE SENIOR.

Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Ìyá wa máa ń sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí wa, àwọn aládùúgbò wo Táyé, wọ́n ní ẹ kú ewu ọmọ; wọ́n wo èmi, wọ́n ní kí ìyá wa má tíì ra aṣọ. Ìyá wa gbé ẹ̀wà kaná, ó pe gbogbo ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá jẹ, kí wọ́n bá òun yọ̀ lórí méjèèjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọmọ tí wọn ò fẹ́ ra aṣọ fún nìyí, tó ń wo ọmọ ẹyẹ tí wọ́n ti ń kọ ìdágbére sí lábẹ́. Bí ó bá kú, ó dà bíi pé àwọn aládùúgbò yẹn ló jàre. Mo bá jẹ́ ẹ̀jẹ́: ọjọ́ tí Kẹ́hìndé bá fò kúrò nínú ìtẹ́, màá se ẹ̀wà fún gbogbo ọmọdé tó wà nínú ilé wa láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún Táyé tèmi.

“Ẹ̀wà fún ẹyẹ?” ni ó wí lórí fóònù. “Kẹ́hìndé, ṣé painkiller yẹn ò ti pọ̀ jù báyìí?”

“Kì í ṣe fún ẹyẹ. Fún àwọn ọmọdé ni.”

“Nítorí ẹyẹ! Blood of Jesus! Ìbọ̀rìṣà nìyẹn. Ẹ̀wà ìbejì, nínú Peckham, láyé tí a wà yìí!”

“Èmi tí mò ń lọ sí àsàláátù ní gbogbo Sunday ni mo di abọ̀rìṣà? Ṣé ẹ̀wà yẹn kọ́ ni Màámi fi ṣe tìwa?”

“Màámi ò tíì gba Jésù nígbà yẹn.” Ó tún wá bi mí pé, “Èwo ló kéré nínú wọn?”

Mo ní, “Kẹ́hìndé ni.”

Ó pòṣé, ó sì pa fóònù. Mo fi líǹkì kámẹ́rà náà ránṣẹ́ sí i kó lè fojú ara rẹ̀ rí i, kò dá mi lóhùn. Mo ní òun náà nìyẹn, ọlọ́kàn líle.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, Kẹ́hìndé ò kú. Òmíràn tún kọjá. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mò ń lọ sí Lewisham níbi tí wọ́n ti ń bá mi na orúnkún. Ẹja dé sínú ìtẹ́, Táyé kọjú sí ìrù rẹ̀, ni Kẹ́hìndé bá rọra gba abẹ́ apá ẹ̀ kọjá, ó ń fà dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn. Mi ò mọ̀ pé mo ti dìde dúró. Mo lọgun nínú bọ́ọ̀sì, “Dìde! Dìde níbẹ̀! Ya ẹnu, gbà á!” Ọmọ tó bá ṣípá nìyá ń gbé; ó ya ẹnu, ìyá ẹ̀ sì fi ẹja sí i lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Ìgbà tí mo gbójú sókè, òyìnbó kan tó jókòó sí àga àwọn aláìlera ti sáré dìde, ó ń bẹ̀ mí pé kí n máa bínú, òun ò rí ọ̀pá ọwọ́ mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo jókòó.

Láti ọjọ́ náà, agbára Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ ṣú, apá rẹ̀ gùn. Mo tẹ àwòrán rẹ̀ jáde, mo ń fi han ẹlẹ́ja tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Rye Lane bí ìgbà tí ìyá àgbà ń fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ hàn. Ẹlẹ́ja náà ní, “Aunty, he's very handsome.” Mo ní mo mọ̀.

Nínú oṣù kẹfà, Táyé kọ́kọ́ fò ní Monday. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Kẹ́hìndé dúró sórí ẹ̀ka, ó ń na apá, ó ń ká a, ó ń wo ìsàlẹ̀, kò lọ. Tuesday, kò lọ. Ní Friday, àwọn tó ń kọ̀wé sábẹ́ àwòrán tún ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn: bóyá apá rẹ̀ ò lágbára, bóyá oúnjẹ tó pàdánù ní kékeré ló ń hàn. Inú bí mi. Mo ní mi ò ní dúró kó fò kí n tó se ẹ̀wà. Màá kọ́kọ́ sè é, kó mọ̀ pé à ń retí òun.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yá ìkòkò ńlá àsàláátù wa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Sátidé, ẹ̀wà ti jinná, ó rọ̀, mo fi àkísà dì í mú, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde kó lè tutù díẹ̀. Ó wá ku ata dídín. Ata dídín ti ìyá wa ni mo fẹ́ ṣe, èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó epo pupa lórí iná títí pupa ojú rẹ̀ á fi ṣí, kó tó da àlùbọ́sà sí i. Ẹni tó bá ti jó epo rí mọ èéfín tó ń bẹ níbẹ̀. Nílé, ẹ̀yìnkùlé la ti ń ṣe é. Ní àjà kẹrin ní Peckham, ọgbọ́n mìíràn la ń dá: mo gun àpótí pẹ̀lú orúnkún tuntun mi, mo fi fìlà ọ̀rá tí mo fi ń wẹ̀ dé alámù èéfín lórí. Ẹ má wò mí báyẹn. Ìdajì ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí ti ṣe é rí.

Mo gbé epo kaná, mo ṣí fèrèsé kíṣìnì, mo pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Ni aago ilẹ̀kùn bá dún. Ta ni kí n rí? Táyé, pẹ̀lú bàtà onígigísẹ̀, gèlè àti báàgì, ó mú ìgò òróró kékeré kan dání.

“Mo kàn ní kí n yà wò ẹ́ ni,” ni ó wí. Láti Sydenham. Láìpè mí. “Ẹ̀wà yẹn dà?”

Mo nàka sí i. Ó ṣí ìkòkò, ó gbé ọwọ́ lé e lókè, ó gbàdúrà sí i ní ohùn wúyẹ́wúyẹ́, ó kán òróró díẹ̀ sí ọmọrí. Lẹ́yìn náà ló fi ṣíbí bu díẹ̀ sẹ́nu. “Iyọ̀ ẹ̀ kò tó,” ló wí, ó sì tún bu òmíràn.

Mo fẹ́ fún un lésì, ni mo bá gbójú sí fóònù mi. Kẹ́hìndé ti rìn dé ṣóńṣó ẹ̀ka, ibi tí kò dé rí. Mo kígbe. Èmi àti Táyé jókòó sórí àga pa pọ̀, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó na apá, ó ká a. Ó tún na apá. Bí ẹ bá bi mí léèrè nígbà náà pé kí ni wọ́n ń pè ní epo pupa, mi ò ní mọ̀.

Ẹni tó rántí epo náà ni Mista Desmond, àgbàlagbà ará Jàmáíkà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ mi. Ó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. “Sister! Smoke's pouring out your window! I called them already!”

Mo ṣí kíṣìnì. Mi ò rí gáàsì, mi ò rí ògiri, èéfín dúdú ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́run ló yọ mí, iná ò tíì gbà á. Táyé tì mí sẹ́yìn, ó fi ìborùn bo imú, ó na ọwọ́ wọlé, ó pa gáàsì, ó dé ìkòkò epo náà. Ó wá fi ohùn tó fi ń darí àwọn nọ́ọ̀sì pàṣẹ: “Out! Gbogbo wa! Má mú nǹkan kan!”

Mo gbọ́ràn, àfi fóònù mi. Mi ò mú báàgì, mi ò mú pásípọ́ọ̀tù, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀. Àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin, orúnkún mi ń ké, ojú mi ò kúrò lára Kẹ́hìndé. Ìgbà tí a dé ìsàlẹ̀ ni mo tó wẹ̀yìn. Táyé ń bọ̀, ó ti tú gèlè orí rẹ̀, ó fi ká òṣùká, ìkòkò ẹ̀wà ìbejì sì jókòó gẹdẹgbẹ lórí díákónẹ́ẹ̀sì.

Mo ní, “Ìwọ lo ní ká má mú nǹkan kan.”

Ó ní, “Mi ò lè jẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò. Ẹ̀ṣẹ̀ ni.”

Gbogbo ilé ti jáde. Ọkọ̀ panápaná méjì dé, àwọn ọkùnrin sáré gòkè, ọ̀gá wọn obìnrin kan wá bá mi. Ó bi mí bóyá ó ku ẹnikẹ́ni lókè. Ojú mi wà lórí fóònù. Mo ní, “Only Kehinde. He is at the edge.” Obìnrin náà yíjú sókè kíá, ó gbé rédíò sẹ́nu. Táyé gbá mi léjìká, ó ní, “It's a bird, ma. In America.” Ọ̀gá panápaná wo èmi, ó wo òun, ó wo ìkòkò, ó sì rìn kúrò, ó gòkè lọ.

Àkókò náà gan-an ni Kẹ́hìndé fẹ apá rẹ̀ méjèèjì pátá, afẹ́fẹ́ sì gbé e díẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ka. Fóònù mi bá kú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ̀n ọ́n, dúdú ló dúdú. Láti ìgbà tí yìnyín ti ń bọ́ lé bàbá wọn lórí ni mo ti ń retí ọjọ́ yìí, báyìí ni mi ò ní fojú ara mi rí i. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo ará ilé. Wọ́n rò pé nítorí kíṣìnì ni.

Táyé sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀. Mo rò pé aṣọ ìnujú ló fẹ́ fún mi. Fóònù rẹ̀ ló mú jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, igi náà hàn, ìtẹ́ náà hàn. Kò wá a kiri rárá. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ní, “Táyé? Ìgbà wo ni o ti ń wò ó?”

Kò wojú mi. “Mo máa ń wò ó ní break. Láti ìgbà tí mo ti ń gún ẹ lórí yẹn.”

Ohun tó sọ gan-an nìyẹn, mi ò sì bá a tún un ṣe. Mo kàn gbá a lọ́wọ́ mú. Àwọn ọmọdé ti rọ̀gbà yí wa ká, Mista Desmond ń na ọrùn lẹ́yìn wa. Kẹ́hìndé fẹ apá, ó tẹ̀ síwájú, ó sì já bọ́ kúrò lójú àwòrán, gbì. Ẹni tó ń darí kámẹ́rà lọ́hùn-ún yí i lọ sọ́tùn-ún, ó yí i lọ sí ìsàlẹ̀, a ò rí nǹkan kan àfi ewé. Lẹ́yìn náà la rí i lókè adágún omi: nǹkan dúdú kan tó ń fò wọ́gọwọ̀gọ, tó tún ara ṣe, tó wá ń fò gbọnrangandan bí ẹni tí kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀ rí.

Ariwo tó sọ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí yẹn, àwọn panápaná yọrí lójú fèrèsé mi láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Táyé ń fò sókè pẹ̀lú bàtà onígigísẹ̀, ó ń pariwo pé, “Ó ti fò! Kẹ́hìndé ti fò!” Mi ò rí i kó yọ̀ báyẹn lórí ohunkóhun tó jẹ mọ́ orúkọ mi rí.

A ò tíì jókòó tí ọ̀gá panápaná fi sọ̀ kalẹ̀. Ìkòkò epo mi tó ti di èédú wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Fìlà ọ̀rá mi ń mì dìrọ̀dìrọ̀ lórí ìka ọwọ́ ọ̀tún. Ó béèrè ẹni tó ni ilé. Gbogbo ará ilé wo ilẹ̀, Mista Desmond wo ojú ọ̀run. Mo ti ń rí i pé council máa lé mi jáde. Táyé ló bọ́ síwájú.

“It's my sister's flat,” ni ó wí. Ó wẹ̀yìn wò mí. “My elder sister. Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Mo gbé àyà sókè bí ọba, pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan.

Ọ̀gá náà gbọn fìlà ọ̀rá níwájú mi. “And does your elder sister want to explain this?”

Ó bá mi wí dáadáa, mo sì kúnlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ọkàn mi, torí òótọ́ ló sọ. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká padà wọlé, àwọn ọmọdé sáré gbé abọ́ wá, Táyé fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹ̀wà fún wọn níbẹ̀, láìsí ata. Kò ṣẹ́ kù rárá. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé èèyàn kì í fi epo sílẹ̀ lórí iná nítorí ẹyẹ, ì báà jẹ́ ẹyẹ ọlọ́lá. Ẹni tó bá sì fi fìlà dé alámù lórí, ó ti di ojú ara rẹ̀.

Wọ́n so alámù tuntun mọ́ àjà fún mi. Bí búrẹ́dì bá jó díẹ̀ lásán, á ké. Mo sọ ọ́ ní Táyé, torí ó fẹ́ràn ariwo, ó sì máa ń rò pé òun ló kọ́kọ́ mọ̀. Táyé ti Sydenham gbọ́, ó bínú. Ṣùgbọ́n bó bá pè mí lórí fóònù láàárọ̀ báyìí, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n” ló ń wí. Ó ń fi rẹ́rìn-ín ni, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó gbàgbé “ẹ” yẹn lẹ́ẹ̀kan rí.